Ọkọ̀ Ojú Irin Wo Ni Wọ́n Ń Sọ? Àlàyé Lórí Tíráàmù, Bọ́ọ̀sì àti Ọ̀nà Ọkọ̀ Èkó

Iyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nínú dánfó tí mo wọ̀ láti Yábàá lọ sí CMS. Ọkọ̀ ń gun afárá Carter lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ síta, ó ní ibi yìí ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà wọ Èkó láyé òyìnbó. Màmá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, Jákàńdè ló fẹ́ ṣe é, àwọn sọ́jà ni kò jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ nǹkan tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí, ó ní àwọn méjèèjì ń tan ara wọn jẹ, ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Kọ̀ndọ́ ní kí wọ́n sanwó ọkọ̀ ná, kí wọ́n tó máa pìtàn.

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Irin mẹ́rin ló wà nínú ìtàn Èkó, orúkọ kan náà la sì ń pe gbogbo wọn: rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, tíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, métíróláìnì tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní 1983 tí kò gbé èrò kankan rí, àti Blue Line òun Red Line ayé ìsinsìnyí. Ẹni tó bá da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì, ìtàn á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì sì tún wà láàárín wọn. Òun gan-an ló gbé èrò Èkó jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi àwòrán rẹ̀ yangàn lórí Wasáàpù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ "Èkó" fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yé wa. Ẹni tó ń gbé Agége tàbí Ìkẹjà, tó bá wọṣọ láàárọ̀, á ní òun ń lọ sí Èkó. Àlejò á ya ẹnu: ṣé Agége kì í ṣe Èkó ni? Èkó tí onítọ̀hún ń sọ ni erékùṣù, ibi tí ààfin ọba wà, ibi tí Ìdúmọ̀tà àti Balógun wà, ibi tí bánkì àti ọ́fíìsì kóra jọ sí láti ayé òyìnbó. Oríkì rẹ̀ kúkú sọ ọ́: Èkó àròmisá lẹ̀gbẹ lẹ̀gbẹ. Omi ló yí i ká. Iṣẹ́ wà lórí erékùṣù, ilé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà lókè odò, afárá sì kéré níye. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú àlàyé yìí nìyẹn, torí gbogbo ọkọ̀ tí a máa dárúkọ, ìbáà jẹ́ onírin tàbí onítáyà, iṣẹ́ kan ni wọ́n ń gbà ṣe lọ́wọ́ ara wọn: kí wọ́n gbé ènìyàn kọjá omi yẹn.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ dé. Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó lọ sókè, ó kan Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn nígbà tí ọdún 1900 ń parí lọ. Ní oṣù kẹta 1901 ni wọ́n ṣí i fún aráàlú. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti gbéra: Ìddó ni. Ìddó fúnra rẹ̀ erékùṣù kékeré ni, wọ́n kó ilẹ̀ dí omi kí wọ́n tó fi so ó mọ́ Èbúté Mẹ́ta. Rélùwéè kò kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá, tó fẹ́ wọ Èkó gan-an, Ìddó ni yóò ti bọ́ sílẹ̀, tí yóò máa wo erékùṣù lódìkejì omi.

Ní 1901 yẹn náà ni wọ́n parí afárá àkọ́kọ́ láàárín Ìddó àti erékùṣù, wọ́n sì fi orúkọ Gilbert Carter pè é, ẹni tó ti ṣe gómìnà Èkó títí di 1897. Afárá Carter tí à ń gùn lónìí kì í ṣe igi àti irin ti ìgbà náà o. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n wó ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Bàbá inú dánfó yẹn gbà á ní ti ojú ibi tí ó nàka sí, ṣùgbọ́n afárá tó wà lábẹ́ wa kò rí ohun tó ń sọ.

Ohun tó gba orí afárá àkọ́kọ́ yẹn ni tíráàmù. Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, torí náà ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀. Rélùwéè ní ọ̀nà tirẹ̀, tí ẹlẹ́sẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ní ti tíráàmù, àárín títì ni irin rẹ̀ wà, láàárín àwọn tó ń rìn, àwọn tó ń ru ẹrù àti àwọn tó ń pàtẹ. Lédè kan ṣá, bọ́ọ̀sì tó ń rìn lórí irin ni. Tíráàmù Èkó kì í lo iná mànàmáná bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ kiri. Iná mànàmáná ti wà ní Èkó ṣáájú 1900 lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíráàmù yìí, ooru omi gbígbóná ló ń tì í, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fà á, tó ń tú èéfín jáde bí ẹni tó ń dáná ìrẹsì àríyá.

Kí ló dé tí ọkọ̀ rélùwéè fúnra rẹ̀ kò lè gba irin tíráàmù kọjá afárá wọlé? Ìgbòòrò irin ló fà á. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ti rélùwéè jẹ́ mìlímítà 1,067. Ti tíráàmù jẹ́ 762 péré, kí ó lè yí kọ́nà tóóró orí erékùṣù láìwó ilé onílé. Ṣùgbọ́n ohun tó tìdí ẹ̀ jáde ni pé ọkọ̀ ẹrù ti rélùwéè kò lè gun irin tíráàmù láéláé. Ẹrù tó bá ti òkè wá, epo pupa tàbí ẹkùrọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ ní Ìddó, kí wọ́n tún un dì sínú ọkọ̀ kékeré, kó tó la afárá kọjá, kó gba Èbúté Èrò, kó tẹ̀ lé etí omi dé Marina, tí àwọn àgbà Èkó ń pè ní Ẹ̀hìngbẹ̀tì, níbi tí àwọn ọ́fíìsì oníṣòwò àti èbúté kọ́ọ̀sìmù wà. Èrò náà bẹ́ẹ̀: bọ́ sílẹ̀, gbé ẹrù rẹ, wọ òmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Ìlú tí tíráàmù yìí ń sìn kéré o. Nígbà tí wọ́n ka orí àwọn ará Èkó ní 1901, wọn kò pé 42,000. Ẹni tó ti dúró ní Ọ̀ṣòdì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á mọ̀ pé iye yẹn kò tó ohun à ń fẹnu sọ mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi pẹ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1914, tíráàmù ti ṣíwọ́ gbígbé èrò.

Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀, ibí sì ni ìtàn náà ti wá rùn. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí tíráàmù bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ kejì: kó máa kó ìgbẹ́. Èkó ìgbà náà kò ní ṣáláńgá oníṣàn. Korobá ni, àwọn agbépòó ló sì ń gbé e lóru. Tíráàmù ìmọ́tótó, bí ìjọba ṣe ń pè é, a máa kó àwọn korobá yìí lọ sí èbúté kan tí wọ́n ń pè ní Dejection Jetty, a sì dà wọ́n sínú ọ̀sà. William MacGregor tó jẹ́ gómìnà nígbà tí tíráàmù bẹ̀rẹ̀, dókítà oníṣègùn ni; òun náà ló gbẹ́ odò MacGregor láti fa irà gbẹ nítorí ibà. Ìmọ́tótó ìlú jẹ ìjọba ìgbà náà lógún lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dída ìgbẹ́ sínú omi tí ènìyàn ń pẹja nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à bá pè ní ìmọ́tótó lónìí. Títí di 1933 ni tíráàmù yìí fi ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ènìyàn lo irin Èkó fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, ìgbẹ́ sì tún lo ogún ọdún lẹ́yìn tí ènìyàn ti bọ́ọ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi àwòrán tíráàmù ṣe ìgbéraga kì í sábà dé ibí nínú ìtàn wọn.

Ohun tó gba ipò irin ni táyà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni mọ́tò dé Èkó, àwọn ọmọ Èkó bíi William Akinola Dawodu sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ títà àti títún mọ́tò ṣe di òwò. Mọ́tò kò nílò irin. Bí èrò bá pọ̀ ní òpópónà kejì, ó lè yà síbẹ̀ lónìí, kó padà lọ́la. Tíráàmù kò lè ya ibì kankan. Kì í ṣe Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti rí bẹ́ẹ̀; Lọ́ńdọ̀nù náà sin tíráàmù tirẹ̀ ní 1952, kó tó di pé wọ́n tún padà bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Títí di ìparí ayé òyìnbó, aládàáni ló ni bọ́ọ̀sì Èkó, ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ sì lókìkí jù ni ti Gíríìkì kan, J. N. Zarpas. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà Èkó tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹ ó gbọ́ "Zarpas". Ní 1958, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lagos Municipal Transport Service, LMTS. Nígbà tó yá ó di Lagos City Transport Service, lẹ́yìn náà Lagos State Transport Corporation, LSTC. Orúkọ mẹ́ta, bàbá kan. Bí ẹ bá rí àwòrán bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí wà lára rẹ̀, ẹ má rò pé ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń bá ara wọn figagbága.

Bọ́ọ̀sì ìjọba yìí ní ọ̀nà tí wọ́n yà sórí ìwé ní ọ́fíìsì, ó ní àkókò tó yẹ kó gbéra, ó sì gbọ́dọ̀ gbéra yálà ó kún tàbí kò kún. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín rẹ̀ àti dánfó nìyẹn, ó kọjá àwọ̀ ara ọkọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Ìlú gbèrú jù ú lọ. Ìkànìyàn 1963 ka ènìyàn tó lé ní 665,000 fún Èkó tí àwọn díẹ̀ péré ń gbé ní 1901, ìyẹn kò sì tíì ka Muṣin àti Agége mọ́ ọn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì wọlé, àwọn èèyàn sì ń ya wá láti ibi gbogbo. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì bí òyìnbó ṣe fi í sílẹ̀, tó bọ́ sápá ọ̀tún. Ohun kékeré ni ó jọ létí, àmọ́ ẹ ronú kan bọ́ọ̀sì: bọ́ọ̀sì tí wọ́n kàn fún apá òsì, òsì náà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Bó bá wá ń rìn lápá ọ̀tún, àárín títì ni yóò máa já èrò sí. Ní 1975, owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn, dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, mọ́tò kún títì. Ní 1977 ìjọba ológun fòfin dè é pé nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ ni yóò sọ ọjọ́ tí o lè gbé e jáde ní Èkó, àwọn kan lónìí, àwọn kan lọ́la. Olówó kàn lọ ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ kò gbọ́.

Àárín ìgbà yìí ni àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè gba ìlú. Bọ́lẹ̀kájà ti wà tẹ́lẹ̀, lọ́rì tí wọ́n kan ilé pákó sí lẹ́yìn, tí èrò ń kojú síra wọn lórí bẹ́ńṣì, orúnkún sí orúnkún. Ẹ ti mọ ìdí orúkọ náà. Mólúè ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀: iwájú àti ẹ́ńjìnnì lọ́rì Mercedes 911, ara rẹ̀ sì jẹ́ páànù tí àwọn wẹ́dà wa níbí jó pọ̀. Orúkọ rẹ̀ náà, oníkálukú ló ní ìtàn tó ń sọ nípa rẹ̀, n kò sì fẹ́ dá sí i. Dánfó ni ti kékeré, Volkswagen tí wọ́n fi gbé èrò bíi mẹ́rìnlá. Àwọn kan pè é ní fàragọ́n nítorí bí èrò ṣe ń gún ara wọn nínú rẹ̀. Kọ̀rọ̀pẹ́ tó kéré jù ú lọ dé lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ Márúwá, èyí tó jẹ́ orúkọ Buba Marwa tó ṣe alákòóso ológun Èkó láti 1996 dé 1999.

Ohun tó máa ń rú àwọn àlejò lójú jù ni bí dánfó ṣe ń ṣe ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí nọ́ńbà, kò sí máàpù, kò sí àkókò. Orúkọ ni ọ̀nà rẹ̀, ẹnu kọ̀ndọ́ sì ni ó wà: "Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì! Ó ku ẹnì kan!" Ìlànà wà nínú rẹ̀ o, bó tilẹ̀ dà bíi rúgúdù. Gáréèjì ló ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ń tò sórí tọ́ọ̀nù, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ kó èrò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó gbéra. Dẹ́rẹ́bà tí kò fẹ́ tò, tó ń he èrò lẹ́bàá títì, sọ̀ọ́lẹ̀ ló ń ṣe, òun náà á sì bá àwọn agbèrò pàdé níwájú. Dẹ́rẹ́bà yìí kì í sábà ni ọkọ̀. Iye kan wà tó gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, ìyókù lẹ́yìn epo àti tíkẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀ àti ti kọ̀ndọ́.

Bí èyí bá ti yé yín, gbogbo ìwà dánfó tó ń bí yín nínú á yé yín. Kò lè gbéra láìkún, torí àga òfìfo kan, owó rẹ̀ ló fò lọ. Bí òjò bá rọ̀, owó ọkọ̀ gbẹ́nu sókè, torí ìrìn mẹ́fà tó yẹ kó rìn lọ́jọ́ náà á di mẹ́rin, iye tí ọlọ́kọ̀ ń retí kò sì yí padà. Bí gosiló bá wà níwájú, á ní ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní àárín ọ̀nà, á ṣẹ́rí padà síbi tí èrò wà. N kò ní kí ẹ dárí jì í. Èmi náà ti fẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gba dé Barracks nínú òjò nítorí irú rẹ̀, mo sì ṣépè. Àmọ́ bọ́ọ̀sì ìjọba tó ń gbéra láìkún, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa san owó àga òfìfo wọ̀nyẹn, nígbà tí ìjọba kò sì san án dáadáa mọ́, àwọn bọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sí gáréèjì. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni dánfó wọ̀.

Orúkọ ibùdókọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ó máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu pé kò sí CMS kankan ní CMS tí wọ́n lè tọ́ka sí. Àwọn oníwàásù Church Missionary Society ni, pẹ̀lú ilé ìwé gírámà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859 àti ilé ìtàwé wọn. Ilé ìwé náà ti kó lọ sí Bàrígà láti ìparí àwọn ọdún 1950, kọ̀ndọ́ ṣì ń pè é. Costain, ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ni. Old Toll Gate, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí gbígba owó níbẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ìlú ń yí, ẹnu kọ̀ndọ́ kò yí.

Ó wá kan màmá inú dánfó wa, ti Jákàńdè. Lateef Jakande, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ fún Ìpínlẹ̀ Èkó, rí i pé bọ́ọ̀sì nìkan kò lè gbé ìlú yìí. Ó gbé ọkọ̀ ojú omi ńlá wá, èyí tí wọ́n sọ ọ̀kan lórúkọ Baba Kekere, tó ń gba orí ọ̀sà láti Mile 2 lọ sí Marina. Ní oṣù keje 1983, ó fi ìpìlẹ̀ métíróláìnì lélẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tí yóò so apá Agége pọ̀ mọ́ Marina, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún yẹn ni àwọn ológun gbàjọba. Ní 1985, ìjọba Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Torí pé àdéhùn ti wà nílẹ̀, owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là bọ́ sọ́rùn Èkó, láìrí ọ̀pá irin kan gùn. Torí náà, ẹni tó bá ní Jákàńdè kọ́ ọkọ̀ ojú irin, kò gbà á. Ẹni tó bá ní wọn kò jẹ́ kó kọ́ ọ, òun ló gbà á.

Fún ogún ọdún lẹ́yìn náà, afárá nìkan ló ń pọ̀ sí i. Afárá Èkó ti parí ní àárín àwọn ọdún 1970, Third Mainland tó gùn tó kìlómítà 11.8 sì di ṣíṣí ní 1990. LAMATA, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ètò ọkọ̀ èrò, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002 ló wá gbé ìmọ̀ràn mìíràn dé: bí bọ́ọ̀sì bá ń há sínú gosiló kan náà pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti dánfó, ẹ fún un ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2008 ni BRT (Bus Rapid Transit), bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, kọ́kọ́ gbéra láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, ó gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ó gba Western Avenue, ó gun afárá Èkó. Wọ́n pè é ní "Lite" torí pé kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti fi kọnkéré pààlà. Níbòmíràn, ọ̀dà lásán ni wọ́n kùn sílẹ̀, ẹ sì mọ bí dẹ́rẹ́bà Èkó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀dà. Ní 2015 ó dé Ìkòròdú, ní 2020 ti Ọ̀ṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí BRT jẹ́ gan-an, ẹ wo ó báyìí: tíráàmù tí wọ́n yọ irin rẹ̀, tí wọ́n wá fún ní ọ̀nà tí tíráàmù 1902 kò ní.

Blue Line ni irin àkọ́kọ́ tó gbé èrò wọ erékùṣù láti ìgbà tíráàmù. Ọdún tó lé ní mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kìlómítà 13 ni apá àkọ́kọ́, láti Mile 2 dé Marina, ibùdó márùn-ún, iná mànàmáná ló ń lò, ó sì ní afárá tirẹ̀ lórí omi. Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ta ló wá ṣí i? Muhammadu Buhari, tó ti di ààrẹ alágbádá. Ayé ń yí, mo kàn ń wò ó ni.

Red Line ní ìtàn tó tún jọ bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 27 ni, láti Àgbádó dé Ọ̀yìngbò, ibùdó mẹ́jọ. Oṣù kejì 2024 ni wọ́n ṣí i, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá. Kò lo iná mànàmáná, díísù ló ń jẹ, irin kan náà ló sì ń gùn pẹ̀lú rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tuntun, mìlímítà 1,435. Talgo ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ rà wọ́n fún ara rẹ̀, wọ́n tò wọ́n pọ̀ ní Milwaukee, gómìnà tuntun dé, ó ní òun kò ṣe, ọkọ̀ sì wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbé ẹnikẹ́ni. Èkó rà wọ́n ní 2022. Ìlú tí wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ rí ló wá ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n fagi lé ní ìlú ẹlòmíràn.

Wọ́n ti ní i lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Red Line yóò kọjá omi dé Marina. Kò tíì kọjá. Ọ̀yìngbò ló ń dúró sí, ọjà tí wọ́n ní kò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá, Ìddó sì wà nítòsí rẹ̀ gbàrà téèyàn bá kọjú sí afárá. Bí ẹ bá sọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ ó rí àwọn èrò Àgbádó àti Ìjù tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n ń yára wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé wọn dé òdìkejì. Kọ̀ndọ́ sì ti ń dúró dè wọ́n: "CMS, Ọbáléńdé, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"